Ìlẹ̀kẹ̀ Ìdí Láìsí Ṣọ́ọ̀bù

Ọjọ́ tí onílé wa ní ọjà Okaishie, ní Accra níbí, sọ pé òun fẹ́ wó ilé náà kí òun kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí i, inú mi ò bàjẹ́ tó bí ẹ ṣe lè rò. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú ni mo ti jókòó síbẹ̀, tí àwọn èèyàn ń gòkè, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí mi. Èmi tí mo ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ìdí ni mo ń wò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ wó o, kí wọ́n wó o.

Ẹni tó kó ìdààmú bá mi ni àkọ́bí mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé, ó ń ta sìmẹ́ńtì àti páànù, Ọlọ́run sì ti ṣe é lóore débi pé kò sí ẹni tí kò lè gbà nímọ̀ràn. Bó ṣe gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù ti lọ, ó pè mí.

"Màámi, Ọlọ́run ló ṣe é. Ẹ máa bọ̀ nílé."

"Ilé wo?"

"Ilé yín. Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ta ló bí mi sí Ògbómọ̀ṣọ́?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá yín sí."

"Kí bàbá mi lọ máa gbé ibẹ̀ nígbà náà."

Bàbá mi ti kú tipẹ́. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti kọ́ yàrá kan fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ti ra bẹ́ẹ̀dì sí i, ó ti ra àga onírọ̀gbọ̀kú. Mo mọ iṣẹ́ tí àga yẹn wà fún. Wọ́n á gbé mi lé e láàárọ̀, wọ́n á gbé mi kúrò lórí rẹ̀ tí ilẹ̀ bá ṣú, àlejò á máa kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n á ní, "Ìyá ti dàgbà o," èmi á ní, "A dúpẹ́," títí di ọjọ́ tí wọ́n máa wẹ̀ mí kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo gbé ìlú yẹn pẹ́, nígbà tí ìjọba ayé àtijọ́ lé àwa àlejò kúrò níbí, ará Gánà ni wọ́n ń pè mí. Mo padà sí Accra, wọ́n ń pè mí ní Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Kò burú. Ṣùgbọ́n ní Accra, mo mọ ẹni tí mo lè bú, ẹni náà sì mọ bó ṣe máa bú mi padà. Èèyàn kì í rí ìyẹn rà lọ́jà.

Mo ní mi ò lọ. Ó ní kí ni n ó máa jẹ? Mo ní n ó máa tajà. Ó ní níbo? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pẹ́ mi lẹ́nu, nítorí ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn nítorí ihò èkúté lásán ní Okaishie báyìí, ọba ni kó lọ san án.

"Ó dáa, Màámi," ó ní. "Tí ọjà yín bá ti ń dá dúró kí oṣù ààwẹ̀ tó lé, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láé. Tí kò bá dúró, èmi fúnra mi ni n ó wá gbé yín, ẹ ó sì gbààwẹ̀ nílé." Ó fi Kùránì búra lé e. Ọmọ tí mo pọ̀n, tó tọ̀ sí mi lẹ́yìn.

Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún mi ló gbé ti fóònù wá. Obìnrin ni, ọmọbìnrin mi ló bí i, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé ní Adabraka, ó ń lọ sí iléèwé gíga. Túì, èdè ibí, ló fi ń bínú, Yorùbá ló fi ń bẹ̀bẹ̀, nítorí náà mo máa ń tètè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá ló gbé kalẹ̀.

"Màámá, a lè tajà láìní ṣọ́ọ̀bù. A ò tiẹ̀ nílò ọjà."

"Kí la ó wá tà?"

"Ohun tí a ò tíì rà."

"Jìbìtì nìyẹn. Ọlọ́pàá ló máa ń bá wọn parí ẹ̀."

"Kì í ṣe jìbìtì. A ó ya fọ́tò ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo, a ó gbé e sórí fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á sanwó, owó yẹn la ó fi ra èyí tí a ó sín fún un. Tí kò bá sí ẹni tó fẹ́ ẹ, kò sí ohun tó ti ọwọ́ wa bọ́."

Èmi ti ní ohun mìíràn lọ́kàn. Mo fẹ́ fi owó díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi ra kíóòsì, kí n kùn ún láwọ̀ ewé, kí n kó oríṣiríṣi ìlẹ̀kẹ̀ kún inú rẹ̀ títí tí ilẹ̀kùn ò fi ní pa dé. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn: kí àtẹ kún, kí ojú oníbàárà tó ṣí. Ọmọ ní rárá. Ó ní kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àwọn èèyàn fẹ́ ohun tí a ń tà kí a tó kọ́lé fún un. Mo bú u títí, ó jókòó, ó ń wò mí. Ní báyìí tí mo ti ń sọ̀tàn rẹ̀, mo gbà pé ó mọ ohun tó ń sọ. Kọ ìyẹn sílẹ̀ dáadáa, kí o lè máa rí i kà.

Fọ́tò ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ ní ìlẹ̀kẹ̀ tí kò sí lára èèyàn ń jọ òkú ejò, kò lè wu ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n so ó mọ́ ìdí kí òun yà á.

"Ìdí ta ni?"

"Tiyín, Màámá. Ẹ̀yìn nìkan. Kò ní hàn pé ẹ̀yin ni."

"Ọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ ìdí yìí, a sì ti sin ín. Ṣé o fẹ́ kó jí ni? Tìẹ ńkọ́?"

Ó ní bàbá òun á pa òun. Àwọn ọmọge tó ń fi ara ya fọ́tò ọjà, owó ni wọ́n ń gbà, àwa ò sì fẹ́ náwó. Àwa méjèèjì jókòó, à ń wo ara wa bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Iṣu púnà kan wà nílẹ̀ níbi ìdáná, tí mo fẹ́ sè jẹ, ànpẹsì ni wọ́n ń pè é níbí. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ òkúta ni iṣu yẹn ti ta, nítorí ó fún wọlé láàárín, ó sì gbòòrò nísàlẹ̀. Mo wò ó, mo tún un wò.

Mo ní, "Ìdí rèé."

A so ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ mẹ́ta mọ́ iṣu nídìí, a tẹ́ aṣọ àrán mi sórí àga, a gbé iṣu jókòó lé e bí ìyàwó. Ọmọ yà á, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bó bá yẹ iṣu, mélòó-mélòó ìwọ." Kí n tó bẹ iṣu náà tán, àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ẹnì kan béèrè bóyá iṣu ni à ń tà ni àbí ìlẹ̀kẹ̀. Ọkùnrin kan ní kí a fún òun ní nọ́mbà iṣu náà, pé òun ti ń wá irú rẹ̀ tipẹ́. Láàárín aláwàdà wọ̀nyẹn, obìnrin kan béèrè iye tó jẹ́. Ó fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù, owó wọlé pìn. Èmi tí mo ti ń tajà láti kékeré, n kò tíì gba owó ohun tí kò sí rí. Mo dìde, mo lọ sí Okaishie lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ṣì ní tábìlì, mo ra ìkúnwọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan. Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín: "Hájíà, ìkúnwọ́ kan? Ṣé adìẹ lẹ fẹ́ sín in fún?"

Hájíà tí wọ́n ń pè mí yẹn, ẹ má bi mí léèrè. Mi ò tíì wọ bàlúù rí, ká má tíì sọ Mẹ́kà.

Ọmọ ní ohùn mi dùn, kí n máa gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù fi dá àwọn oníbàárà lóhùn. Kò pẹ́ tí obìnrin kan dá iye àrífín. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti tajà rí mọ̀ pé bí oníbàárà bá dá irú iye bẹ́ẹ̀, ọlọ́jà á bú owó náà díẹ̀, oníbàárà náà á bú ọjà díẹ̀, wọ́n á pàdé láàárín, wọ́n á sì di ọ̀rẹ́. Mo tẹ fóònù, mo ní, "Iye tí o dá yìí, ìdí adìẹ ni kó o lọ fi ra ìlẹ̀kẹ̀ fún." Ní Okaishie, ọ̀rọ̀ yẹn máa pa á lẹ́rìn-ín ni. Lórí fóònù, obìnrin yẹn gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, ó fún ọkọ rẹ̀ gbọ́, ọkọ fún àbúrò rẹ̀ gbọ́. Gbogbo ilé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa.

"Màámá," ọmọ ní, "afẹ́fẹ́ máa ń gbé èébú ẹnu lọ. Èyí kì í lọ."

Láti ìgbà náà, iye kan ni, kò sí nínájà. Ó dùn mí bí ìgbà tí mo kí èèyàn tí kò dáhùn.

Wàhálà kejì ni ti ìwọ̀n. Obìnrin kì í purọ́ fún ẹni tó na okùn yí i nídìí ká, ṣùgbọ́n fóònù ò rí ìdí. Ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ tí ọlọ́kadà gbé lọ ló tún ń gbé padà bọ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa kígbe kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: "Hájíà, wọ́n ní ó há sí itan!" Èmi fẹ́ bá wọn jà. Ọmọ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi sùúrù béèrè. Ó rí i pé ìwọ̀n tí wọ́n ń fún wa ni ìwọ̀n ìgbà tí wọn ò tíì bímọ, wọ́n rò pé kò yẹ̀. Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí í sín in ní gígùn, a fi okùn rẹ̀ sílẹ̀ láìdì, kí oníkálukú dì í mọ́ ara rẹ̀ nínú yàrá, níbi tí òun àti òtítọ́ nìkan ti máa pàdé. Ọlọ́kadà kò kígbe mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mi ò lè jọ̀wọ́ fún ọmọ yìí, òun náà ni ènì. Ọlọ́jà tí kì í fún èèyàn lénì, kí ló fi yàtọ̀ sí olè? Ọmọ ní ènì ti wà nínú iye tí a dá. Mo ní ènì tí ojú ò rí kì í ṣe ènì. Ó ní ó ń ná wa lówó. Mo dákẹ́, ó rò pé mo ti gbà. Ìlẹ̀kẹ̀ tó bá ṣẹ́kù nínú ìkúnwọ́ tí a rà, tí kò lè tó àgbà, mo ń sín in ní kékeré, ìwọ̀n ìdí ọmọ jòjòló, mo sì ń yọ́ ọ sínú ìdì kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọmọ bá lọ sí iléèwé. Nílé tiwa, àdúrà nìyẹn jẹ́. Obìnrin wo ni o máa kí pé wàá gbé ọmọ pọ̀n, tí kò ní ṣe àmín?

Ọmọbìnrin kan wà tó ra tiẹ̀, onídìrí ni ní Jamestown. Ó ti ń bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ń sọ pé òun ń bọ̀ wá kan ilẹ̀kùn. Kíkan ilẹ̀kùn ni wọ́n ń pè é níbí, nígbà tí ẹbí ọkùnrin bá gbé ọtí lọ sílé ẹbí obìnrin láti tọrọ ọmọ. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, a ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí ọlọ́kadà gbé ìlẹ̀kẹ̀ débẹ̀, ọmọbìnrin kò sí nílé, ọkùnrin yìí ló gbà á, ó sì tú u wò. Ó rí ńlá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rí kékeré, ẹ̀rín kú. Ọmọ Gáà ni, àwọn onílẹ̀ Accra, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ìyá tiẹ̀ náà so irú rẹ̀ mọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ nídìí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́. Ó lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọn ò bi ọmọbìnrin náà ní nǹkan kan, ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n bi í. Wọ́n ra ọtí, wọ́n lọ.

Ohùn ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lórí fóònù.

"Hájíà! Kí lẹ fi sínú ìlẹ̀kẹ̀ mi?"

"Ènì ni."

"Ènì bíi ti báwo? Wọ́n ti wá kan ilẹ̀kùn! Bàbá mi ti mu nínú ọtí náà! Ìyá rẹ̀ ń bi mí bóyá mo máa ń bì láàárọ̀!"

"Ṣé o máa ń bì?"

"Mi ò lóyún, Hájíà!"

"Ọkùnrin náà ńkọ́, ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ."

"Kí wá lò ń sunkún sí? Ọtí tí bàbá rẹ ti mu, ṣé wọ́n fẹ́ bù ú padà sínú ìgò ni?"

Ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi ti dúró lẹ́yìn mi, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Màámá, ènì wo?" Túì ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí náà mo wá ọ̀nà bọ́ síta.

Ọmọ onídìrí yìí sọ ìtàn náà níbi tó ti ń dirí fún èèyàn, ìtàn tó bá sì ti gba ibi ìdìrí kọjá kì í jáde bó ṣe wọlé. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ wa máa ń mú kí ọkùnrin kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní ó máa ń fúnni lóyún. Nígbà tó fi máa dé Tema, wọ́n ní Hájíà arúgbó kan wà ní Adabraka tó ń gba ààwẹ̀ lórí ìlẹ̀kẹ̀ kó tó tà á. Èmi tí mo ń ka ọjọ́ sí ààwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún pẹ̀lú ìfòyà.

Ọjà ya lù wá. Gbogbo obìnrin ilé wa ni a pín abẹ́rẹ́ fún. Fóònù ń dún títí etí mi fi ń dún tẹ̀lé e. Ọmọ ní, "A ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, a ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́." Ó mọ̀ ọ́n sọ. Inú mi náà dùn, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín jẹ. Mo pe àkọ́bí mi, mo ní kó wá ẹni tí yóò ra àga yẹn.

Ìgbà náà ni obìnrin kan fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Aṣọ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n eruku bo bàtà rẹ̀. Ojúlé dé ojúlé ló ti ń béèrè mi ní Adabraka. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, obìnrin tó tó bí ọmọ bíi ti èyí tó ń kọ̀wé yìí.

"Hájíà, ńlá ò ṣe pàtàkì. Kékeré yẹn ni mo fẹ́. Iye tí ẹ bá pè é ni."

Mo ní kó dìde. Mo fún un ní kókò àti kóòsé, ẹ̀kọ mímu àti àkàrà ti ibí, ó kàn ń wò ó. Mo bi í bóyá ó ti rí dókítà. Ó ní òun ti rí gbogbo wọn tán.

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe òun."

"Báwo ló ṣe mọ̀? Ṣé ó tú ṣòkòtò fún dókítà ni, àbí dígí ló bi?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Mo sọ fún un pé ìlẹ̀kẹ̀ lásán ni, ohun tó ṣẹ́kù nílẹ̀, ènì. Kò gbà mí gbọ́. Ó rò pé mo ti fi pamọ́ fún àwọn olówó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó lé owó. Bí mo ṣe ń sẹ́ ni iye ń gòkè. Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi ná ọjà, n kò tíì rí ibi tí ọlọ́jà ti ń bẹ oníbàárà pé kó má rà rí. Ó bínú dìde. Kókò rẹ̀ tutù sílẹ̀, ó di awọ lójú.

Mo sọ fún ọmọ pé mo fẹ́ bá gbogbo oníbàárà sọ̀rọ̀.

"Tí ẹ bá sọ ọ́, wọ́n á lọ," ó ní. "Tí wọ́n bá lọ, ẹ̀gbọ́n màmá mi á wá gbé yín. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn?"

"Rárá."

"Màámá, ẹ dákẹ́ nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́." Yorùbá ló ń sọ.

Mo jókòó síbẹ̀. Mo rí àga yẹn, mo rí kànga, mo rí ara mi tí mo ń sọ pé a dúpẹ́. Lẹ́yìn náà mo rí ojú obìnrin yẹn, tó ń ka owó níwájú mi nítorí ìdọ̀tí ìlẹ̀kẹ̀. Àlọ́ ni àga, ṣùgbọ́n mo ti fojú rí èyí. Mo ní, "Gbé fóònù wá." Ohun tí mo sọ nìyí, ní Túì, mo wá ń túmọ̀ rẹ̀:

"Ẹ̀yin oníbàárà mi, èmi ìyá Alata tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ mi ń fúnni lóyún. Irọ́ ni. Ọmọ méje ni mo bí, mo mọ ohun tó ń fúnni lóyún, kì í sì í ṣe gíláàsì. Tó bá jẹ́ gíláàsì ni, gbogbo ìgò ọtí tó wà ní Accra ì bá ti di ìyá ọmọ. Ènì ni kékeré yẹn. Ẹni tó bá ní ọmọ, kó so ó mọ́ ọn nídìí. Ẹni tí kò bá ní, kó so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀, kó wá gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ oyún, kó fa ọkọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù, kí àwọn méjèèjì jọ bọ́ṣọ. Ẹni tó bá kàn fẹ́ kí ìdí òun wu òun wò, kó jẹ́ tèmi."

Wọ́n gba owó wọn. Àwọn obìnrin ilé wa kó abẹ́rẹ́ wọn, wọ́n wọlé lọ. Fóònù dákẹ́ débi pé mo ní kí ọmọ wò ó bóyá ó ti bàjẹ́. Òun náà kò bá mi sọ̀rọ̀, ní Túì tàbí ní Yorùbá, ó kàn ń gbálẹ̀ ní ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn aṣọ mi, èyí tó yẹ kí n fi sílẹ̀ fún un.

Kó tó di pé mo ká aṣọ, ohùn mi ti kúrò lọ́wọ́ wa. Ẹnì kan fún ẹnì kan gbọ́, ẹni yẹn fún ẹlòmíràn. Awakọ̀ kan ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀, ó ń fi ọwọ́ lu sítíárìn, kò mọ̀ pé èmi ni mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá, kì í ṣe bí àgbàrá ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń wá lójoojúmọ́, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń rà. Wọ́n á ní, "Hájíà ìgò ọtí, ẹ sín aláwọ̀ omi òkun fún mi." Àwọn mìíràn á tún padà wá, wọ́n á mú ọ̀rẹ́ dání. Obìnrin tó kúnlẹ̀ sí mi yẹn náà ránṣẹ́. Kò kí mi. Ó ní kí a sín pupa fún ìdí tòun. Kò tíì bímọ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo kàn gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ti lọ rí dókítà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí oṣù ààwẹ̀ lé, àkọ́bí mi dé. Ó gbé báàgì òfìfo kan dání fún ẹrù mi. Kò tíì mu omi tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Màámi, wọ́n gbé ohùn yín sí mi létí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Lémọ́mù wa, Kumasi ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Túì. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo jámáà."

"Ṣé ó rẹ́rìn-ín?"

"Màámi, mò ń sọ pé lémọ́mù..."

"Mo gbọ́. Ṣé ó rẹ́rìn-ín?"

Ó wo ilẹ̀. "Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó."

Ó ní kí n kó ẹrù mi. Mo ní kó kọ́kọ́ wo ọjà, àdéhùn ni àdéhùn. Ó wọnú yàrá, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí àpótí. Abọ́ ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ àti abẹ́rẹ́ ló rí. Ó jáde, ojú rẹ̀ ti ń tàn bí ẹni tó ti jàre.

"Níbo lọjà wà?"

"A ò tíì rà á," ọmọ ọmọ mi dá a lóhùn, ó sì nawọ́ fóònù sí i. "Àwọn tó ti sanwó rèé, Búọ̀dá. Ìrọ̀lẹ́ la máa lọ ra tiwọn."

"Wọ́n ti sanwó kí ẹ tó rà á?"

"Gbogbo wọn."

Ó gba fóònù, ó ń fi ìka tì í lọ sókè. Ọkùnrin tó ń ta sìmẹ́ńtì láwìn fún gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ni o, tó máa ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ ká àwọn tó jẹ ẹ́ lówó páànù mọ́lé. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ọlọ́kadà dé, ó gbé ìdì mẹ́ta lọ. Àkọ́bí mi ń wò ó títí ọ̀kadà fi yà ní kọ̀rọ̀.

"Kò sí ẹni tó jẹ yín ní gbèsè?"

"Ta ló máa jẹ wá?" mo ní.

A jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ ó wúkọ́, ó ní ìyàwó òun ní kí òun má wọlé láìmú ìlẹ̀kẹ̀ dání, aláwọ̀ omi òkun. Mo bi í ní ìwọ̀n ìdí ìyàwó rẹ̀. Ojú tì í, ó fi apá méjèèjì ṣe àmì kan nínú afẹ́fẹ́. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìyàwó náà gbọ́.

Mo sìn ín dé gáréèjì lọ́jọ́ kejì. Ọkọ̀ ń kún. Ó ń pẹ́ lẹ́sẹ̀, ó ń ra búrẹ́dì, ó ń ra omi, ó tún ń ra búrẹ́dì.

"Màámi, yàrá yẹn ṣì wà níbẹ̀ o."

"Kí àlejò máa sùn síbẹ̀. Mo máa wá kí yín ní Iléyá, mo máa lo ọ̀sẹ̀ kan. Má wulẹ̀ wá mi ní ọ̀sẹ̀ kejì."

Kọ̀ńdọ́ ní kí wọ́n wọlé. Bí ìṣe rẹ̀ láti kékeré, ó na ọwọ́ láti gba ẹrù lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹrù lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé e sí, mo sì dì í mú, mo tì í wọnú ọkọ̀.

"Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé," mo ní. "O máa ń bì."